Tábà tí Àǹtí Mériàn Gbé fún Màmá

Ní ilé wa ní Springfield Gardens, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ ti mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ sí JFK a máa gba orí òrùlé wa kọjá, ariwo rẹ̀ a bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù a máa gbọ̀n, a ó sì dúró títí yóò fi kọjá kí a tó parí ọ̀rọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀. Bí Mọ́mì bá ń gbàdúrà, wọn a ní "Ní orúkọ," wọn a dákẹ́ pẹ̀lú ojú pípadé, ọkọ̀ a kọjá, wọn a wá ní "Jésù." Àlejò ló máa ń rẹ́rìn-ín, àwa ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé à ń ṣe é. Nígbà tí Màmá, ìyá Dádì, ti Ìṣẹ́yìn dé láti wá bá wa tọ́ àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ńṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ orí ba ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. "Ó dáa, a ti rí ọ," wọ́n á wo òkè àjà, "máa lọ." Mo ti dàgbà ju Mọ́mì ti ìgbà yẹn lọ báyìí, mi ò sì gbé nítòsí ẹ́ápọ̀ọ̀tù mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọdún tí Màmá lò lọ́dọ̀ wa, ariwo yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, ohùn Màmá ló sì máa ń tẹ̀ lé e.

Ilé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n gáréèjì kan wà lẹ́yìnkùlé tí mọ́tò kò wọ̀ rí, àfi àpò ìrẹsì, ẹní, àti àwọn ẹrù tí Dádì máa ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Iṣẹ́ ẹrù ni Dádì ń ṣe ní ẹ́ápọ̀ọ̀tù, nọ́ọ̀sì sì ni Mọ́mì. Bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ni èkejì ń jáde, wọn a gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìròyìn iye ọbẹ̀ tó kù. Èmi àti Màmá la nilé. Bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń ká aṣọ ọmọ, mo ń rọ omi gbígbóná sínú fíláàsì, Màmá a sì pọn ọmọ sẹ́yìn, wọn a máa bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí wọn kò ní ẹlòmíràn tí wọn ó bá sọ ọ́. Òtútù ti sé wọn mọ́lé. Yorùbá tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ọdún yẹn ni mo kó o jọ. Kí wọ́n tó dé, bí ẹni ń ka nọ́ńbà tẹlifóònù ni mo ṣe ń sọ ọ́, ohùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

A tún ní ayálégbé kan ní básémẹ́ǹtì. Àǹtí Mériàn là ń pè é. Ọmọ Cree ni, ara àwọn tó ti ń gbé ilẹ̀ apá àríwá lọ́hùn-ún ní Kánádà kí òyìnbó kankan tó mọ̀ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ayàwòrán ni. Mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan ní Manhattan ló pè é kó wá fi ọdún kan ya àwòrán ńlá kan ṣoṣo fún wọn, kò sì rí ibi tí àwòrán náà yóò gbà sí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ́, ó lọ sí ọsibítù tí Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì tó fi báńdéèjì wé e tán, Mọ́mì ti sọ fún un pé a ní básémẹ́ǹtì, a sì ní gáréèjì. Mọ́mì nìyẹn, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn sunkún tán kí wọ́n tó wá ojútùú. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń kọ fún Àǹtí Mériàn, kì í ṣe "wọ́n." Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, bí ọ̀rẹ́ ló sì ṣe ń ṣe sí mi, bí mo bá ń bọ̀wọ̀ fún un nínú ìwé báyìí, kò ní jọ ẹni tí mo mọ̀ mọ́. Mo mọ ohun tí Màmá máa sọ sí i.

Dádì kó ẹrù wọn sí kọ̀rọ̀ kan, Àǹtí Mériàn gbé hítà wọ gáréèjì, ó sì na aṣọ àwòrán tó fẹ̀ dé ìwọ̀n ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló lẹ fọ́tò àwòrán àtijọ́ kan mọ́. Odò ńlá ni, igi, òkè, ìkùukùu aláwọ̀ wúrà, kò sì sí ẹyọ èèyàn kan. Òyìnbó kan ló yà á láyé ọjọ́un, ojúlówó rẹ̀ wà nínú mùsíọ́ọ̀mù yẹn gan-an. Wọ́n ti kó kíláàsì wa lọ wò ó rí, a jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tíṣà sì sọ fún wa pé bí ilẹ̀ náà ṣe rí nìyí kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Mo sọ èyí fún Àǹtí Mériàn pẹ̀lú ìdùnnú, pé mo mọ àwòrán náà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀.

"Odò wa ni," ó ní. "Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ń yà á, àwọn èèyàn mi wà létí odò náà. Àwọn ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e débẹ̀. Àwọn ló se oúnjẹ tó jẹ. Ó jẹun tán, ó wá yọ wọ́n kúrò."

Iṣẹ́ tó wá ṣe ni pé kó dá wọn padà. Odò kan náà, ìkùukùu kan náà, ọ̀nà ìyàwòrán òyìnbó náà gẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n yà, ṣùgbọ́n àwọn onílé á wà létí odò, wọ́n á máa dáná, wọ́n á máa tún àwọ̀n ṣe, ọmọ á máa sunkún. Ó ní láàárín àwọn èèyàn òun, bí àlejò bá gúnlẹ̀, wọ́n á gbé kẹ́tù kaná, wọ́n á fún un ní tíì, wọ́n á wá bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní gbogbo ẹni tó ti gbogbo ayé dé sí ilẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó jẹ́ kí onílé fún wọn ní tíì. Nítorí náà ló ṣe ya obìnrin kan, tó fi ojú ìyá àgbà rẹ̀ fún, tó na ife tíì síwájú. Àga wà níwájú obìnrin náà, kò tíì sí ẹni tó jókòó lé e. Àlejò rẹ̀ ló ń wá.

Òórùn ló gbé Màmá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo fèrèsé, nǹkan kan ń ta sánsán bọ̀ láti básémẹ́ǹtì, Màmá sì fa ọwọ́ mi, a sọ̀kalẹ̀. Àǹtí Mériàn ń dín ìyẹ̀fun tó pò, búrẹ́dì àwọn èèyàn rẹ̀ ni, wọ́n ń pè é ní bánọ̀kì. Màmá bù ú wò, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Pọ́fù-pọ́fù ni," wọ́n ní. "Ó kàn gbàgbé ṣúgà ni. Bi í léèrè, ọmọ ta ni?"

Mo bi í. Ẹ̀rín pa Àǹtí Mériàn, ó ní ìbéèrè tí ìyá àgbà òun máa ń bi gbogbo èèyàn nìyẹn, kódà àwọn ọlọ́pàá. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀, ó dárúkọ odò. Màmá náà dárúkọ bàbá wọn, agbo ilé wọn, wọ́n dé orí Ìṣẹ́yìn, ojú méjèèjì sì ń dán bí ẹni pé wọ́n bá ìbátan pàdé. Èmi ò tiẹ̀ ní nǹkan púpọ̀ láti túmọ̀, orúkọ kì í ní ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pe Màmá ní Kókum, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ wọn. Mọ́ínmọ́ín ń sọ̀kalẹ̀, bánọ̀kì ń gòkè, èmi ni mò ń sáré lórí àtẹ̀gùn láàárín wọn.

Nǹkan kan wà tó ń jẹ Màmá lọ́kàn lọ́dún yẹn, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n. Ìjì ti ṣí òrùlé ilé wọn ní Ìṣẹ́yìn, òjò sì ti ba gbogbo fọ́tò ara ògiri jẹ́. Ẹyọ kan tó kù ni ti páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí gèlè, kí etí méjèèjì hàn, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gé e sí ọrùn. Màmá inú fọ́tò yẹn jọ ẹni tí wọ́n mú pé ó jí adìẹ. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun wá fọ́tò títí, ti páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n rí, òun ni wọ́n sọ di ńlá tí wọ́n gbé káàkiri ìlú nígbà ìsìnkú. Màmá wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ojú ti àwọn fún olóògbé.

"Bí ẹ bá gbé etí mi yìí káàkiri Ìṣẹ́yìn," wọ́n sọ fún Dádì, "màá dìde nínú pósí."

"Màmá, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀."

"A kọ ikú lórúkọ Jésù," Mọ́mì dáhùn láti kíṣìn.

"Ẹ kọ ọ́. Ẹ ṣáà ya fọ́tò mi."

Kò sẹ́ni tó yà á. Dádì ní fóònù lọ́wọ́, wọ́n sì ń ya Màmá níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n Màmá ní jíjí ni wọ́n ń jí àwọn yà, pé èyí tí èèyàn bá múra fún ni fọ́tò. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n múra kí àwọn yà wọ́n dáadáa, Dádì á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n báyìí pé ẹ̀rù ló ń ba Dádì. Láti ya fọ́tò yẹn, ó dà bíi kí àwọn gbà pé ìyá àwọn yóò kú.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Àǹtí Mériàn gòkè wá pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tó mọ́, irun rẹ̀ ní dídì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan kan tó wé sínú aṣọ pupa. Ó ṣàlàyé fún mi pé èèyàn kì í fi ọwọ́ lásán bẹ àgbàlagbà níṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Tábà ni wọ́n fi ń bẹ wọ́n. Bí àgbà bá gbà á, ó ti gbà láti ṣe ohun tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ fún. Mọ́mì yí padà nídìí dòdò.

"Tobacco? Nínú ilé tí mo ti ń gbààwẹ̀?"

Ṣùgbọ́n Màmá ti tú aṣọ pupa náà, wọ́n ti gbé e sí imú. Oko tábà ni bàbá Dádì dá nígbà ayé wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn. Màmá ló ń bá wọn so ewé náà rọ̀, tí wọ́n ń kó o sínú ilé tí wọ́n ti ń fi iná gbẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ẹ̀wù bàbá, bí wọ́n fọ̀ ọ́ bí wọn ò fọ̀ ọ́. Màmá na ewé náà sí Dádì.

"Bàbá rẹ rèé," wọ́n ní. Omi ti dé ojú wọn. "Gbóòórùn bàbá rẹ."

Dádì tẹ̀ síwájú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Mọ́mì pa iná gáàsì.

"Kí ló wá fẹ́, ọmọ mi?" Màmá bi mí.

"Ó ní òun fẹ́ ya àwòrán yín, Màmá. Nínú iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe."

"Ọlọ́run mi ò sùn," Màmá dáhùn. Wọ́n di tábà náà padà, wọ́n gbé e sínú àpótí wọn, sáàárín aṣọ.

Mo ti yẹ ìtumọ̀ mi yẹn wò tọ̀túntòsì láti ọdún yẹn wá, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi náà ló sọ. Ní Ìṣẹ́yìn, bí fọtógíráfà bá yà ọ́, ìwọ lo ni ohun tó yà. Á fi gíláàsì sí i, á gbé e wá fún ọ nílé. Kí ló fẹ́ fi ojú ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ṣe? Ta ló tiẹ̀ ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ní ti Àǹtí Mériàn, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ ló ti fi yé e pé ayàwòrán ló ni àwòrán títí yóò fi fún ẹlòmíràn, ta ló sì tún ń sọ ìyẹn sókè? Àwọn méjèèjì gba ọ̀rọ̀ ara wọn tayọ̀tayọ̀, láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, Màmá wọ òfì wọn, wọ́n wé gèlè, wọ́n wọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Mériàn fẹ́ kí wọ́n yíjú díẹ̀ sí obìnrin tó ń fún wọn ní tíì. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kọjú síwájú gbọnrangandan, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n tẹ́ ìró kó fẹ̀, wọ́n sì rí i dájú pé bàtà méjèèjì hàn. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," wọ́n ní. "Sọ fún un pé kó má gé ẹsẹ̀ mi o." Mo sọ fún un. Odò tó wà lẹ́yìn wọn ò sì yà wọ́n lẹ́nu rárá. Àwọn fọtógíráfà Ìṣẹ́yìn náà máa ń ta aṣọ sẹ́yìn èèyàn, tí wọ́n ya òdòdó tàbí àtẹ̀gùn sí. Màmá ní ti Àǹtí Mériàn kàn fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni, pé bó bá parí, á gé etí aṣọ náà kúrò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Mo fẹ́ràn gáréèjì yẹn. Hítà ń kùn, ọ̀dà ń rùn, ọmọ ń sùn nínú apẹ̀rẹ̀, èmi jókòó láàárín àgbàlagbà méjì, mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, mò ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ibẹ̀ ni Àǹtí Mériàn ti sọ ìtàn ìyá ìyá àgbà rẹ̀. Ayàwòrán òyìnbó kan kọjá lábúlé wọn láyé àtijọ́, ó ní kí obìnrin náà jókòó, ó yà á, ó gbé e lọ. Àwòrán náà wà nínú mùsíọ́ọ̀mù kan lókè òkun, wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sí i, "Obìnrin Cree" ni wọ́n kọ. Nígbà tí ìyá àgbà Àǹtí Mériàn darúgbó, wọ́n rìn dé ibẹ̀ láti fojú kan ìyá wọn. Wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gáàdì sì jágbe mọ́ wọn. Àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù fi káàdì kékeré tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí ta wọ́n lọ́rẹ, ìyá àgbà sì gbé e padà wálé.

"Wọn ò gbé e fún wọn?" Màmá béèrè.

"Rárá."

"Títí dòní?"

"Títí dòní, Kókum."

Màmá pòṣé, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún, nítorí wọ́n ti ní kí wọ́n má mira.

Yìnyín yọ́ tán, igi iwájú ilé yọ òdòdó, ọjọ́ tí Màmá máa padà sílé sì ń sún mọ́lé. A wọ gáréèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a bá Dádì níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù, wọ́n ń wọn Màmá inú àwòrán láti gèlè dé bàtà. Àǹtí Mériàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí lẹ fẹ́ rán fún un.

"Mo fẹ́ mọ gígùn ẹ̀ ni," Dádì dáhùn. "Kí n lè fi sínú ẹrù. Màmá ní tó o bá ti gé e, àwọn fẹ́ gbé e dání lọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àǹtí Mériàn. Ó ní mùsíọ́ọ̀mù ló ni àwòrán náà o, gbogbo rẹ̀, pé wọ́n ti fi ògiri sílẹ̀ dè é. Màmá bi mí ohun tó wí. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń bọ̀ nígbà náà, gbogbo wa dúró dè é bí a ti máa ń ṣe. Ó kọjá tán, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Màmá wọlé lọ. Wọ́n jáde wá pẹ̀lú aṣọ pupa yẹn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé Àǹtí Mériàn lọ́wọ́.

"Gba nǹkan rẹ, ọmọ mi," wọ́n ní. "Mi ò bínú. Ọ̀rọ̀ wa ò pàdé ni."

Wọ́n lọ wẹ ọmọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà ohun tó túmọ̀ sí lọ́dọ̀ àwọn Cree pé kí àgbà dá tábà padà, ṣùgbọ́n mo rí Àǹtí Mériàn tó dúró níwájú àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa náà láyà, mo sì rí i pé ó ń sunkún. Lálẹ́, nídìí oúnjẹ, Màmá kàn sọ pé, "Ó tún di etí yẹn náà nìyẹn," Dádì sì gbé ṣíbí wọn sílẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Ọmọdé ni mí, àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ràn, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n fún mi láti gbé lọ tàbí gbé bọ̀ mọ́.

Bánọ̀kì ò gòkè fún ọjọ́ díẹ̀. Ní Sunday, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Àǹtí Mériàn wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó ní kí n túmọ̀, kí n má fi ọ̀kan sílẹ̀.

"Ìyá ìyá àgbà mi náà gba nǹkan lọ́wọ́ ayàwòrán yẹn, Kókum. Wọ́n ní tíì àti bisikíìtì ló fún un. Láti kékeré ni mo ti ń bínú sí ọkùnrin náà, mo rò pé èèyàn búburú ni. Mi ò mọ̀ pé ó rọrùn tó báyìí." Ó gbé tábà náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mo tún wá bẹ̀ yín. Àwòrán yín ń bá yín lọ."

Dádì, tí wọn kì í fẹ́ ìjàngbọ̀n, ní ṣé kò lè ya òmíràn fún Màmá ni, kí ó sì gbé èyí fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un. Àǹtí Mériàn mi orí pé rárá. Ó ní káàdì tí wọ́n fún ìyá àgbà òun nìyẹn. Màmá na ọwọ́, wọ́n gba tábà.

Obìnrin kan ti mùsíọ́ọ̀mù wá, ó wọ kóòtù dúdú gígùn. Màmá ní àlejò ni, kí n gbé tíì lọ fún un, mo sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú gáréèjì. Ó ní àwòrán tó ní ihò kọ́ ni àwọn bẹ̀ ẹ́ pé kó yà, pé ọ̀gá òun lè má gbé e kọ́ rárá. Iṣẹ́ tó tóbi jù láyé Àǹtí Mériàn nìyí, síbẹ̀ ó dá a lóhùn.

"Ẹ ní àwọn ère tí kò lápá nínú mùsíọ́ọ̀mù yín. Òmíràn ò lórí. Ibi tó dára jù lẹ gbé wọn sí."

Obìnrin náà mu tíì rẹ̀ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ láìsọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Àǹtí Mériàn gé e. Màmá dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, Dádì di etí aṣọ mú kó má baà ya, Mọ́mì fi ọwọ́ bojú ṣùgbọ́n wọ́n ń yọjú láàárín ìka. Ọ̀bẹ ń dún bí ìgbà tí aránṣọ bá ń gé òfì tuntun. Àga Màmá àti obìnrin tó na tíì sí wọn sún mọ́ ara wọn púpọ̀, ibi ọrùn ọwọ́ obìnrin náà ni ọ̀bẹ gbà kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ àti ife tíì bá Màmá lọ, apá tó kù dúró létí odò. Àǹtí Mériàn ní òun lè fi ọ̀dà pa ọwọ́ náà rẹ́ kí àwòrán Màmá lè mọ́ tónítóní.

"Fi í sílẹ̀," Màmá ní. "Mi ò tíì mu tíì mi."

Ẹní ni wọ́n fi wé e. Dádì fúnra wọn ló gbé e wọ ikùn ọkọ̀ òfuurufú, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Àjò ò lè dùn kí onílé má re ilé, Màmá sọ bẹ́ẹ̀ fún Àǹtí Mériàn lẹ́nu ọ̀nà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Mùsíọ́ọ̀mù dákẹ́ ní gbogbo ìgbà ooru yẹn. Àǹtí Mériàn ń jókòó ní gáréèjì, ó ń wo odò rẹ̀ tó lu, kò sì ya nǹkan kan. Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ni wọ́n tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e wá. A wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó. Wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá tó kángun sí ti odò tí kò sí èèyàn yẹn. Àwọn onílé wà létí omi, kẹ́tù wà lórí iná, ihò kan sì wà láàárín wọn tó ga bí ilẹ̀kùn, tí èèyàn ń rí ògiri funfun nínú rẹ̀. Dádì ka ohun tí Àǹtí Mériàn ní kí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kà á sókè, àwọn òyìnbó ń yíjú wò wá: "Àlejò tó jókòó síbí ti lọ sílé rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Ó gbé àwòrán rẹ̀ dání." Mọ́mì ní, "Jésù," láìsí ọkọ̀ òfuurufú kankan.

Màmá pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí wọ́n kú, a gbé àwòrán náà káàkiri Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Gèlè, òfì, ọwọ́ lórí orúnkún, bàtà méjèèjì. Àwọn èèyàn ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń kí àwòrán náà bí ẹni ń kí èèyàn. Dádì rìn níwájú rẹ̀, wọn ò sunkún títí a fi dé ilé. Ó wà lára ògiri pálọ̀ báyìí, lábẹ́ òrùlé tuntun.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí Manhattan, pé kó wá wo ibi tí ìyá bàbá ìyá rẹ̀... rárá, kò yé e báyẹn, mo ní kó wá wo ibi tí Màmá jókòó sí. Ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó yọjú wo inú ihò náà. Ó wá dúró ti obìnrin Cree tó na apá rẹ̀ síwájú, ó wo ibi tí apá náà ti tán, ó sì fa aṣọ mi.

"Mọ́mì, ọwọ́ wọn dà?"

"Ó wà ní Ìṣẹ́yìn," mo dá a lóhùn. "Tíì Màmá ló ṣì gbé dání."